Ẹ̀kọ́ 18: Rọ́bọ́ọ̀tì tí kò jí

Kí a tó kà á

Wo àkọlé ẹ̀kọ́ yìí. Kí ni o rò pé a ń pè ní rọ́bọ́ọ̀tì? Bí tọ́ọ̀ṣì ilé yín kò bá tàn, kí ni ẹ kọ́kọ́ máa ń yẹ̀ wò?

1. Rọ́bọ́ọ̀tì inú agolo sadíìnì

Ìlú Kétu ni Kẹ́hìndé, Táyé àti Ìdòwú àbúrò wọn ń gbé pẹ̀lú àwọn òbí wọn. Kẹ́hìndé àti Táyé wà ní kíláàsì CM2. Ìdòwú wà ní CE1.

Ní ọjọ́ kan, olùkọ́ CM2 ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ wá ohun tí àwọn ènìyàn ti kó dànù, kí wọ́n sì fi ṣe iṣẹ́ ọwọ́. Ó ní: "Ní ọjọ́ Ẹtì tí ó ń bọ̀, àwọn òbí yín yóò wá wo ohun tí ẹ ṣe."

Àwọn kan fi aṣọ àkísà hun ẹní. Àwọn kan fi páálí kọ́ ilé. Kẹ́hìndé àti Táyé ṣe rọ́bọ́ọ̀tì kékeré.

Rọ́bọ́ọ̀tì jẹ́ ẹ̀rọ tí ó lè dá iṣẹ́ kan ṣe láìsí pé ènìyàn ń tì í tàbí pé ó ń fà á. Agolo sadíìnì ni ara rọ́bọ́ọ̀tì àwọn ìbejì náà. Ọmọrí ike méjì ni ẹsẹ̀ rẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ ńlá kan sì gbé ìdí rẹ̀ dúró. Wọ́n yọ ẹ́ńjìnnì kékeré méjì lára mọ́tò ìṣeré tí ó ti bàjẹ́, wọ́n fi ọ̀kan sí ẹsẹ̀ ọ̀tún, wọ́n fi èkejì sí ẹsẹ̀ òsì. Inú agolo náà ni ilé píìlì wà, píìlì mẹ́rin ni ó sì ń gbà. Bọ́tìnnì tí a fi ń tan án wà ní ẹ̀gbẹ́ agolo, ní ìta. Wáyà pupa kan ti inú ilé píìlì wá, ó gba etí agolo kọjá, ó sì lọ sí ara bọ́tìnnì náà.

Ní iwájú, rọ́bọ́ọ̀tì náà ní wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì bí ìwo ìgbín. Bí ìwo òsì bá kan ògiri, ẹ́ńjìnnì ọ̀tún á dúró, ti òsì á sì máa yí lọ. Nígbà náà, rọ́bọ́ọ̀tì á yà sí ọ̀tún, á sì fi ògiri sílẹ̀.

Inú Kẹ́hìndé dùn sí iṣẹ́ yìí púpọ̀. Lójoojúmọ́ ni ó ń ṣí ọmọrí agolo náà kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lè rí inú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá wò ó tán, á tẹ ọmọrí náà pa kíákíá, á sì fi rọ́bà dè é.

2. "Ìwọ ni o bà á jẹ́!"

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ìdòwú gbé rọ́bọ́ọ̀tì náà lọ fi han ìyá àgbà. Ó rìn dáadáa. Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín, ó sì pàtẹ́wọ́. Ìdòwú gbé e padà sí orí àga.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́rú mọ́, Táyé tẹ bọ́tìnnì. Rọ́bọ́ọ̀tì kò mira. Ó tún un tẹ̀. Kò jí.

Kẹ́hìndé yíjú sí Ìdòwú. Ó ní: "Ìwọ ni o gbé e kẹ́yìn. Ìwọ ni o bà á jẹ́!"

Ìdòwú ní: "Ẹ̀gbọ́n mi, n kò bà á jẹ́ o. Mo rọra gbé e sílẹ̀ ni."

Kẹ́hìndé kò gbọ́. A ti ṣe ìlérí fún Ìdòwú pé òun ni yóò gbé rọ́bọ́ọ̀tì sílẹ̀ níwájú àwọn òbí ní ọjọ́ Ẹtì. Kẹ́hìndé ní: "Ìwọ kọ́ ni yóò gbé e mọ́. O kò tilẹ̀ ní bá wa dúró níbẹ̀." Ìdòwú bú sẹ́kún.

Ìyá wọn gbọ́ ẹkún náà, ó jáde láti ilé ìdáná. Ó béèrè pé: "Kẹ́hìndé, ṣé o rí i nígbà tí ó ń bà á jẹ́?"

"Rárá, ìyá mi."

"Táyé, ṣé ìwọ rí i?"

"Rárá, ìyá mi. N kò rí i."

Ìyá wọn ní: "Kò sí ẹni tí ó rí i, ẹ sì ti dá ẹjọ́ tán. Nígbà tí ẹ bá ti ilé-ẹ̀kọ́ dé, ẹ gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ Bàbá Rédíò. Ẹ mú àbúrò yín dání."

3. Ní ìsọ̀ Bàbá Rédíò

Bàbá Rédíò ń tún rédíò àti tọ́ọ̀ṣì ṣe nítòsí ọjà. Ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà, àwọn ará ìlú kò sì fi orúkọ mìíràn pè é mọ́. Nígbà tí àwọn ọmọ náà dé ibẹ̀, Kẹ́hìndé dọ̀bálẹ̀, Táyé kúnlẹ̀. Wọ́n ní: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá."

"Ẹ káàbọ̀, Èjìrẹ́. Ìdòwú, kí ni ó dé tí ojú rẹ fi pọ́n?"

Kẹ́hìndé dáhùn pé: "Bàbá, ó ba rọ́bọ́ọ̀tì wa jẹ́ ni."

Bàbá Rédíò bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó béèrè pé: "Bí aláìsàn bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, kí ni dókítà máa ń kọ́kọ́ bi í?"

Táyé ní: "Ibi tí ó ń dùn ún."

"O káre. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò lè sọ ibi tí ó ń dùn ún. Àwa ni a ó wá a. Bí a bá rí ibi tí àìsàn wà, a ó mọ ohun tí ó fà á."

Ó fi ṣọ́ọ̀kì ya àwòrán sí ara pátákó kan: píìlì, wáyà pupa, bọ́tìnnì, ẹ́ńjìnnì, wáyà dúdú, lẹ́yìn náà ó tún padà sí píìlì. Ó ní: "Ẹ wo ọ̀nà yìí. Láti ara píìlì ni iná ti ń jáde, ara píìlì náà ni ó sì ń padà sí. Ó dà bí ọ̀nà tí ó yí ìlú po. Bí afárá kan ṣoṣo bá já lórí rẹ̀, kò sí ẹni tí ó lè yí ìlú náà po mọ́. Ohun tí a fẹ́ mọ̀ lónìí ni pé, afárá wo ni ó já?"

Ó sọ òfin méjì fún wọn. Èkíní: kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orísun iná, kí wọ́n má ṣe fo ibì kankan. Èkejì: kí wọ́n máa yẹ nǹkan kan ṣoṣo wò lẹ́ẹ̀kan. Ó ní: "Bí ẹ bá yí nǹkan mẹ́ta padà lẹ́ẹ̀kan náà, tí ẹ̀rọ sì jí, ẹ kò ní mọ èyí tí ó jẹ́ àìsàn rẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lọ́la, àìsàn náà lè padà wá."

4. Bí wọ́n ṣe wá àìsàn náà

*Píìlì ni wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò.* Bàbá Rédíò mú tọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan tí ó ń lo gílóòbù. Ó ki píìlì méjì bọ̀ ọ́, ó tàn yòò. Ó ki méjì yòókù bọ̀ ọ́, ó tún tàn yòò. Ó ní: "Tọ́ọ̀ṣì onígílóòbù ni mo lò, nítorí pé gílóòbù ń fẹ́ agbára. Tọ́ọ̀ṣì LED tuntun lè tàn díẹ̀ pẹ̀lú píìlì tí ó ti rẹ̀, kí ẹ sì rò pé píìlì náà ṣì dára. Ẹ́ńjìnnì kò ní lè yí pẹ̀lú rẹ̀." Píìlì kò ní àìsàn.

*Lẹ́yìn náà, wọ́n yẹ ilé píìlì wò.* Bí píìlì bá pẹ́ jù nínú ẹ̀rọ, omi rẹ̀ lè jáde, kí sípíríǹgì sì dípẹtà tàbí kí ìyẹ̀fun funfun bò ó. Iná kì í lè gba ara ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n gbogbo sípíríǹgì náà ń dán. Ilé píìlì kò ní àìsàn.

Bàbá Rédíò ní kí Kẹ́hìndé to píìlì padà. Kẹ́hìndé tò wọ́n kíákíá. Ìdòwú tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti dé na ìka sí ọ̀kan. Ó ní: "Bàbá, ẹ wo èyí. Orí rẹ̀ ni ó kan sípíríǹgì. Ìdí àwọn yòókù ni ó kàn án."

Bàbá Rédíò ní: "Ojú rẹ mú, ọmọ mi! Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò. Píìlì kan ní fọ́ltì 1,5. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá kọjú sí ibi tí ó yẹ, 1,5 × 4 = 6. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá dojú kọ ọ̀nà òdì, yóò máa bá àwọn mẹ́ta yòókù jà. Mẹ́ta jẹ́ 4,5. Yọ 1,5 kúrò nínú rẹ̀. Èló ni ó kù?"

Táyé dáhùn pé: "Fọ́ltì 3. Ìdajì péré!"

Wọ́n yí píìlì náà padà sí bí ó ti yẹ. Táyé tẹ bọ́tìnnì. Rọ́bọ́ọ̀tì kò jí síbẹ̀.

*Ó wá kan wáyà.* Wọ́n wo wáyà pupa, wọ́n wo wáyà dúdú. Kò sí èyí tí ó já. Kẹ́hìndé ní: "Bàbá, wáyà kò ní àìsàn."

Bàbá Rédíò ní: "Ojú rẹ ni ó sọ bẹ́ẹ̀. Jẹ́ kí a bi iná fúnra rẹ̀."

Ó mú gílóòbù kékeré kan, irú èyí tí a ń fi sí ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́. Wọ́n kọ fọ́ltì 6 sí i lára. Wáyà méjì wà lára gílóòbù náà. Ó fi ọ̀kan kan ibi tí wáyà dúdú ti jáde láti ilé píìlì, kò sì gbé e kúrò níbẹ̀ mọ́. Ó fi èkejì kan ibi tí wáyà pupa ti jáde. Gílóòbù tàn. Èyí fi hàn pé iná ń jáde láti ilé píìlì.

Lẹ́yìn náà, ó gbé wáyà kejì yìí lọ sí òdìkejì wáyà pupa, níbi tí ó ti wọ ara bọ́tìnnì. Gílóòbù kò tàn.

Gbogbo wọn dákẹ́. Bàbá Rédíò béèrè pé: "Iná wà níbí. Kò sí níbẹ̀ yẹn. Kí ni ó wà láàárín méjèèjì?"

Àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé: "Wáyà pupa!"

5. Ibi tí afárá ti já

Bàbá Rédíò fi abẹ la ike wáyà náà níbi tí ó ti gba etí agolo kọjá. Ike náà kò ya rárá, ṣùgbọ́n okùn bàbà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó wà nínú rẹ̀ ti dá pátápátá.

Ó mú ègé irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó fún Táyé, ó ní kí ó máa tẹ̀ ẹ́ síwájú sẹ́yìn. Táyé tẹ̀ ẹ́ ní ìgbà díẹ̀, irin náà dá sí méjì. Bàbá ní: "Báyìí ni wáyà yín ṣe dá. Kì í ṣe ní ọjọ́ kan. Díẹ̀díẹ̀ ni okùn inú rẹ̀ ń dá, títí ó fi ku ẹyọ kan. Ẹyọ yẹn ni ó gbé iná ní alẹ́ àná. Èyí kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tí ó gbé ẹ̀rọ sílẹ̀. Iṣẹ́ ọmọrí tí ń tẹ wáyà mọ́ etí agolo ni. Ta ni ó máa ń ṣí ọmọrí yìí, tí ó sì ń tẹ̀ ẹ́ pa?"

Kẹ́hìndé tẹrí ba. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó fọhùn. Ó ní: "Èmi ni, Bàbá."

Bàbá Rédíò kò bá a wí. Ó lu ihò kékeré sí ẹ̀gbẹ́ agolo, ó fi ike wọ etí ihò náà kí irin má baà gé wáyà, ó sì gba inú rẹ̀ fi wáyà tuntun kọjá. Ó fi òjé jó orí rẹ̀ méjèèjì. Ó ní kí Táyé fi gílóòbù yẹ̀ ẹ́ wò. Ó tàn níbi tí wáyà ti wọ bọ́tìnnì. Nígbà tí wọ́n tẹ bọ́tìnnì, ó tún tàn ní òdìkejì bọ́tìnnì náà.

Wọ́n gbé rọ́bọ́ọ̀tì sílẹ̀. Ó rìn lọ tààrà, ìwo òsì rẹ̀ kan ẹsẹ̀ tábìlì, ó yà sí ọ̀tún, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ.

Kẹ́hìndé béèrè pé: "Bàbá, èló ni a ó san?"

Bàbá Rédíò ní: "Wáyà kékeré kò tó ohun tí à ń gba owó lé lórí. Ṣùgbọ́n gbèsè kan wà nílẹ̀ tí kì í ṣe èmi ni o jẹ."

Kẹ́hìndé mọ ohun tí ó ń sọ. Ó yíjú sí àbúrò rẹ̀. Ó ní: "Ìdòwú, má bínú. N kò rí ọ, n kò wádìí, mo sì dá ọ lẹ́bi. Èmi gan-an ni ó ṣe é."

Ìdòwú wo rọ́bọ́ọ̀tì tí ó ń rìn nílẹ̀. Ó béèrè pé: "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé èmi ni màá gbé e sílẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì?"

"Ìwọ ni. Ìwọ náà ni yóò sì máa to píìlì rẹ̀."

Ẹ jẹ́ kí a mọ̀ sí i

*Píìlì.* Ní ọdún 1800, Alessandro Volta, ọmọ ilẹ̀ Ítálì, kéde ẹ̀rọ kan tí ó ń mú iná jáde. Ó to àwo síńkì àti àwo bàbà lé ara wọn lórí, ó sì ń fi páálí tàbí aṣọ tí a rẹ sínú omi iyọ̀ sí àárín wọn. Òkìtì ni à ń pè ní "pile" ní èdè Faransé. Láti ara òkìtì Volta ni orúkọ píìlì ti wá. Orúkọ Volta náà ni a fi ń pe fọ́ltì. Àwọn ará Nàìjíríà ń pe píìlì ní bátìrì.

*Rọ́bọ́ọ̀tì.* Karel Čapek, òǹkọ̀wé ará Czech, lo ọ̀rọ̀ yìí nínú eré orí ìtàgé tí ó kọ ní ọdún 1920. Ó wá láti ara "robota", èyí tí í ṣe iṣẹ́ àfipáṣe ní èdè rẹ̀.

*Ohun tí a kó dànù.* Ní ìlú Lómè, ní orílẹ̀-èdè Tógò, Kodjo Afate Gnikou fi ẹ̀yà kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ àtijọ́ tí wọ́n ti kó dànù ṣe ẹ̀rọ kan tí ń yọ́ ike, tí ó sì ń fi mọ nǹkan ní ìpele-ìpele. Ní ọdún 2013, òkìkí iṣẹ́ yìí ti kàn dé òkè òkun.

Ìkìlọ̀

1. Má ṣe so ẹ̀rọ olópíìlì mọ́ iná ilé. Iná ilé jẹ́ fọ́ltì 220. Ó lè pa ènìyàn.
2. Má ṣe fi wáyà kan ṣoṣo so orí píìlì mọ́ ìdí rẹ̀. Yóò gbóná, ó sì lè jó ọ.
3. Má ṣe fi eyín gé píìlì, má ṣe fi òkúta lù ú, má sì ṣe jù ú sínú iná.
4. Bí o bá rí omi tàbí ìyẹ̀fun lára píìlì, má ṣe fi ọwọ́ kàn án. Pe àgbàlagbà.
5. Etí agolo mú bí ọ̀bẹ. Àgbàlagbà ni kí ó gé e, kí ó sì tẹ etí rẹ̀ wọlé.

Àwọn ọ̀rọ̀ tuntun

píìlì: la pile
orí píìlì (+): le pôle positif
ìdí píìlì (−): le pôle négatif
wáyà: le fil électrique
bọ́tìnnì: l'interrupteur
gílóòbù: l'ampoule
ẹ́ńjìnnì kékeré: le petit moteur
sípíríǹgì: le ressort
bàbà: le cuivre
òjé: le plomb
dípẹtà: rouiller
yẹ̀ wò: vérifier
dá lẹ́bi: accuser, condamner

Ìbéèrè

1. Kí ni olùkọ́ CM2 ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe?
2. Bí ìwo òsì rọ́bọ́ọ̀tì bá kan ògiri, ẹ́ńjìnnì wo ni yóò dúró? Ọ̀nà wo ni rọ́bọ́ọ̀tì yóò yà sí?
3. Kí ni ó dé tí Kẹ́hìndé fi rò pé Ìdòwú ni ó bà á jẹ́? Ṣé ìdí náà tó?
4. Òfin méjì wo ni Bàbá Rédíò sọ? Kí ni ìwúlò èkejì?
5. Kí ni ó dé tí Bàbá Rédíò fi lo tọ́ọ̀ṣì onígílóòbù?
6. Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé wáyà pupa ni ó já, nígbà tí ojú kò rí i?
7. Gbèsè wo ni Bàbá Rédíò ń sọ? Báwo ni Kẹ́hìndé ṣe san án?

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Rédíò kan ń lo píìlì mẹ́fà. Fọ́ltì mélòó ni mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jẹ́? Bí a bá fi ọ̀kan sí i ní òdì, mélòó ni yóò kù?
2. Ya ọ̀nà tí iná ń gbà nínú tọ́ọ̀ṣì: láti ara píìlì títí tí yóò fi padà sí ara píìlì.
3. Tọ́ọ̀ṣì ìyá àgbà kò tàn. Kọ ohun mẹ́rin tí o máa yẹ̀ wò, kí o tò wọ́n ní ẹsẹẹsẹ.
4. Ẹ pín ara yín sí Kẹ́hìndé, Táyé, Ìdòwú, ìyá wọn àti Bàbá Rédíò, kí ẹ sì ṣe apá kejì àti ìkarùn-ún ní eré.

Òwe

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Sọ bí òwe yìí ṣe bá ọ̀rọ̀ wáyà pupa mu, àti bí ó ṣe bá ọ̀rọ̀ Ìdòwú mu.